Àwọn Òrùlé Ìdí-Àfọ̀n Tí Ìjì Kó Lọ

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbé ìkòkò ka iná, kó lọ yọ igi kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí bí ọbẹ̀ bá jóná níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, kò kàn mí. Ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí ilé yín, ẹ rọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi tẹní tewúrẹ́, mi ò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń bá ara yín jà lórí ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ bo ilé rẹ̀, ariwo náà kò sì jẹ́ kí àgbàlagbà rí oorun ọ̀sán sùn. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ti bàbá mi.

Bí mo bá ní kí n sọ ìrìn-àjò tèmi, ilẹ̀ yóò ṣú, ilẹ̀ yóò mọ́, ẹ ó sì máa bẹ̀ mí pé kí n má tíì dákẹ́. Mo ti dé ibi tí ejò ti ń kí ènìyàn káàárọ̀. Mo ti bá iwin olójú mẹ́rìndínlógún jìjàkadì, ojú mẹ́ta péré ló kù fún un nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Oyún oṣù mẹ́jọ ni mí nínú ìyá mi, etí ara mi ni mo sì fi gbọ́ ìjì náà láti inú. Ta ni nínú yín ló ti gbọ́ ìjì láti inú ìyá rẹ̀ rí? Kò sí. Ẹ dákẹ́ nígbà náà, kí ẹ jẹ́ kí èmi Béjídé sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́níran ni orúkọ bàbá mi, ọmọ Ìdí-Àfọ̀n. Ohun méjì ló mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ: ó mọ ipa ẹran tọ̀, ó sì mọ kókó ta. Okùn tó bá dẹ sílẹ̀ de ẹfọ̀n, ẹfọ̀n kò já a rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń bo ilé ní ìlú, òun ni wọ́n ń pè sókè kó wá so igi òrùlé. Àwọn yòókù kò ní tíì so ẹ̀gbẹ́ kan tán tí òun yóò ti so tirẹ̀, tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, tí yóò ti nu ọwọ́, tí yóò ti gba igbá ẹmu. Wọ́n ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì ń wú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èèwọ̀ ìlú wa fún yín, kí ẹ má baà máa wojú ara yín nígbà tó bá yá. Ní Ìdí-Àfọ̀n, ẹnìkan kì í so òrùlé ara rẹ̀. Baálé ilé á po amọ̀ rẹ̀, á mọ ògiri rẹ̀ dé òkè, ṣùgbọ́n bó bá ku orí ilé, á sọ̀ kalẹ̀, á fi okùn lé aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn baba ńlá wa ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun lè dá gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni okùn gbọ́dọ̀ yí igi ká. Ẹni tó ń so ó á fi orúnkún ti igi náà, á fa okùn títí igi yóò fi ké, kó tó ta kókó. Lẹ́yìn náà ni a ó fi koríko bẹẹrẹ bo gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún fojú rí kókó náà mọ́ láyé.

Ọ̀sán gangan ni ìjì náà dé. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ pọ́n bí epo, afẹ́fẹ́ dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ eṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni ó bú jáde láti ẹ̀yìn òkè. Ó ṣí òrùlé Baálẹ̀ bí ìgbà tí obìnrin bá ṣí ọmọrí ìkòkò wo ẹ̀fọ́, kò sì dá a padà. Òrùlé kejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, títí ogóje òrùlé fi tò lọ sójú ọ̀run bí ọ̀wọ́ lékeléke. Odindi ìlú wà ní ìdúró pẹ̀lú ògiri lásán, gbogbo rẹ̀ la ẹnu sókè.

Òrùlé kan ṣoṣo ni kò lọ. Ti bàbá mi ni.

Ilé tó kángun sí tirẹ̀ ni ti Àdìgún, àgbẹ̀ oníṣu kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí òun àti bàbá mi kò kí ara wọn, nítorí itan ẹtu kan tí wọ́n pín tí kò dọ́gba. Bí òrùlé Àdìgún ti ń lọ, igi kan yọ nínú rẹ̀, ó jábọ́, ó sì ṣẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀ sí méjì.

Ìjì dákẹ́. Àwọn èèyàn ń yọ ara wọn jáde lábẹ́ pàǹtírí, ẹkún ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Bàbá mi jáde sí iwájú ilé, ó gbójú sókè, ó rí i pé koríko kan kò ṣí lórí tirẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dípò kó lọ bá wọn gbé igi kúrò lára èèyàn, àyà ló lù.

Ó ní: "Ẹ rí i bí? Òògùn ilé baba mi nìyẹn! Ìjì dé ojúlé mi, ó rí ẹni tó ni ín, ó yà!"

Gbogbo ìlú yíjú sí i. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rìn dé ibẹ̀, ó ta ẹní borí bí arìnrìn-àjò.

Baálẹ̀ sọ pé: "Ọdẹ́níran, o ṣeun. Ẹni tí ìjì ń bẹ̀rù gan-an ni mò ń wá. Àkọ́rọ̀ òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, koríko kan kò sì kù ní pápá tí a lè fi bo ilé. Ìwọ ni yóò lọ kó òrùlé wa wá. Mo fún ọ ní ọjọ́ méje. Bí o bá kó wọn dé, a ó fi ọ́ joyè. Bí o kò bá kó wọn dé, a jẹ́ pé ṣe lo tà wá fún ìjì kó lè dá tìrẹ sí. Ìwọ àti aya rẹ ẹ ó sì fi ìlú yìí sílẹ̀."

Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ mú ìbọn. Ẹ̀fúnyẹmí, ìyá mi, jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìdí.

Ó ní: "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹnu yín ló gba àjò yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Bí wọ́n bá lé wa, níbo ni ẹ fẹ́ kí n bí ọmọ yìí sí? Ìdí igi?"

Bàbá mi fi ìbọn kọ́ èjìká. Ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó di iṣu sísun sínú àpò, ó sì kọjú sí ibi tí àwọn òrùlé gbà lọ.

Ẹ má bi mí léèrè odò tó là kọjá tàbí òkè tó gùn. Ẹni tó bá fẹ́ ka òkè kó lọ kà wọ́n fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó wọ Igbó Gbòǹgbò-Lókè, níbi tí gbogbo igi ti dorí kodò, tí ewé wọn wà nínú ilẹ̀, tí gbòǹgbò wọn ń jùwọ́ lójú ọ̀run. Iwin tó ni igbó náà jáde sí i. Òun náà dorí kodò, orí ló fi ń rìn, ó ń ró kì! kì! bí odó. Níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà, gbòǹgbò gígùn ló wà níbẹ̀.

Iwin náà ní: "Ọmọ èèyàn, níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ bá ìjì. Yà fún mi! Èmi Ọdẹ́níran, tí mò ń lé ẹfọ̀n tí ẹfọ̀n ń tọrọ gáfárà!"

Ó yìnbọn. Ìbọn náà ta pọ́ọ́, ọta rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ bí ẹ̀wà. Ó pe ọfọ̀ mẹ́ta, ó gbàgbé ìparí ẹ̀kẹta. Ká ní èmi ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè gbàgbé. Iwin náà kò tilẹ̀ bínú.

Ó ní: "Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni mò ń ṣe sí ọ yìí?"

Gbòǹgbò kan fò wá, ó yí bàbá mi ká lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá mi ní: "Ò ń dè mí ni."

"Kì í ṣe ìyẹn."

Bàbá mi yọ́ ara, ó bọ́ jáde bí ẹja, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Gbòǹgbò náà padà wá, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí ó làágùn kó tó bọ́, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì bó.

"Kí ni mò ń ṣe sí ọ?"

"O fẹ́ pa mí jẹ!"

"Kì í ṣe ìyẹn náà."

Gbòǹgbò yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iwin náà ká gbòǹgbò kejì bí orúnkún, ó fi tì í láyà, ó sì fà á. Ó fà á títí egungun ìhà bàbá mi fi ké, èémí kò wọlé, èémí kò jáde, ojú rẹ̀ ń ṣú. Igbe tí egungun rẹ̀ ké yẹn, ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Igi òrùlé ló ń ké bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá so ó dáadáa.

Ó fi ìwọ̀nba èémí tó kù sọ pé: "Òrùlé. Òrùlé lò ń so."

Iwin náà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "O mọ̀ ọ́n. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ni ti ìlú yín?"

"Ẹ̀kẹta ni."

"Èwo ni tìrẹ?"

Bàbá mi gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ewé kan bọ́ láti ilẹ̀ lọ sókè, ó ń fi ojú tẹ̀ lé e. Iwin náà tú u sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní: "Máa lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ni mo máa ń dá padà sílé. Ẹni tó mọ̀, ọba mi ń retí rẹ̀."

Ẹ̀rù ba bàbá mi. Mo sọ ọ́ jáde kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ọdẹ, àwọn tó ń sọ pé kì í bà wọ́n kò tíì rí nǹkan ni. Ó jókòó sí ìdí igi kan, ó rò ó pé kí òun sá lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá rántí Ẹ̀fúnyẹmí lórí àpótí, ó dìde.

Ní ọjọ́ kẹta ó dé Ìlú Adánìkanbò. Yìnyín ni òjò ibẹ̀, tọ̀sán-tòru ló sì ń rọ̀, òmíràn tó ẹyin adìẹ. Kò sí ilé kankan ní ìlú náà. Olúkúlùkù wọn fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹní onípákó lé orí ara rẹ̀, wọ́n sì gbẹ bí ẹja tí wọ́n fi iná yan. Oúnjẹ wà nílẹ̀ níwájú wọn, iyán rọ̀, ọbẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọwọ́ jẹun? Ẹni tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, yìnyín á fọ́ ọ lórí.

Bàbá mi sá sábẹ́ ẹní ìyá arúgbó kan. "Ìyá, ṣé ẹ mọ ibi tí ìjì ń gbé?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ gùn."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ẹní dání kí ẹ jẹun."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò lókun. Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló mọ ọwọ́ rẹ? Ọmọ tí mo bí nínú mi gan-an ló gbé e fún mi rí. Ó rí ẹyẹ kan tó ń kọjá, ó jù ú sílẹ̀. Wo orí mi." Àpá ńlá kan là á láti iwájú dé ìpàkọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹní fún mi gbọ́dọ̀ dúró síta kó tó lè gbé e gún. Orí tìrẹ yóò wà níta. Ṣé wàá lè ṣe é títí n ó fi yó?"

Bàbá mi ní òun yóò ṣe é. Ìyá náà yọ ọwọ́ kan, ó dúró. Ó yọ ìkejì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹní. Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yẹn mọ oúnjẹ jẹ! Ó ń ṣa egungun ẹja níkọ̀ọ̀kan, ó ń lá ìka, ó ń bu omi mu, ó tún ń bu iyán. Yìnyín ń fọ́ lórí bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó fi òsì ríran. Apá bẹ̀rẹ̀ sí ro ó, ó sì mọ ohun tí apá rẹ̀ ń wá: ó ń wá ibi tí yóò ti gbọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó mọ bí apá náà ṣe ń ronú, ó ti bá a gbé pẹ́. Ó pariwo mọ́ apá ara rẹ̀ pé, "Lónìí, o ò sọ̀ ọ́!" Kò sì sọ̀ ọ́, títí ìyá náà fi gbé àwo kalẹ̀.

Ìyá náà gba ẹní rẹ̀ padà, omi wà lójú rẹ̀. "Tẹ̀ lé ibi tí koríko bá tẹ̀ sí. Bí o bá dé ibi tí kò sí ohun tó ń mì, o ti dé ilé rẹ̀."

Bí bàbá mi ṣe ń lọ, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bi ọkùnrin kejì lẹ́yìn rẹ̀ bóyá yóò lè bá òun gbé tòun dání, kí òun kàn bu òkèlè kan. Kò dúró gbọ́ èsì.

Ọjọ́ karùn-ún ló dé ààfin Ẹ̀fúùfùlẹ̀lẹ̀, ọba àwọn ìjì. Pápá ni, kò lópin, òrùlé ló kún ibẹ̀. Wọ́n bà sílẹ̀ bí adìẹ tó ń sàba, ti Ìdí-Àfọ̀n wà níwájú, bàbá mi sì mọ̀ wọ́n ní oókan-oókan. Ọba kò ṣeé rí. Aṣọ kan ṣoṣo ló ń fẹ́ lórí ìtẹ́, ohùn sì ń ti inú rẹ̀ wá.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá òrùlé wa padà. Òjò fẹ́ bá wa níta."

Ohùn náà ní: "Èmi kì í jalè. Ilé tí mo bá dé, mo máa ń bi í pé, 'Ta ló so ọ́?' Èyí tó bá dá mi lóhùn, mo kí i, mo kọjá. Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀, òun ló tẹ̀ lé mi. Dìde. Ẹ̀yin kókó, ẹ lọ bá ọwọ́ tó ta yín."

Ẹ dì mí mú o, nítorí ibi tí mo dé yìí, ara mi máa ń bù màṣọ̀ bí mo bá rántí. Àwọn kókó yọ jáde nínú bẹẹrẹ bí ekòló tó yọ lẹ́yìn òjò. Díẹ̀ nínú wọn kọjú sí ọ̀nà Ìdí-Àfọ̀n, wọ́n dúró. Gbogbo ìyókù wọ́ tọ bàbá mi wá. Wọ́n gun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dé orúnkún, wọ́n dé ìbàdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ilé tó ti wá. "Ilé Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lo yí mi. Ipa ẹtu ń pè ọ́." "Ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ẹ̀ẹ̀kan lo yí mi. O ní ẹmu fẹ́ kan." Bàbá mi rántí gbogbo ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ti sọ fún ara rẹ̀ pé, ta ni yóò rí i?

Ọ̀kan tó gun èjìká rẹ̀ kò pariwo. Ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. "Ilé Àdìgún ni mí. Ìwọ kò kánjú lọ́jọ́ tèmi."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn, ìbínú itan ẹtu ṣì gbóná nínú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan ni.

Bàbá mi yíjú sí ìtẹ́. Ó ní: "Kábíyèsí, kí ló wá dé tí ilé tèmi kò lọ? Ṣé òògùn baba mi—"

Aṣọ náà fẹ́ ní ẹ̀rín. "Òògùn wo? A kò rí òògùn níbẹ̀." Kókó kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó le, ó dì. "Ọ̀kan nínú ti ilé rẹ nìyí, mo yá a wá ni. Tú u." Bàbá mi fi èékánná tú u, ó fi ọ̀bẹ tú u, ó fi eyín tú u títí eyín fi yọ. Kókó náà kò mira. "Àdìgún ló ta á, ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀yin méjèèjì bo ilé, tí ẹ kò kí ara yín."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn kókó, ó sunkún bí ẹni tó ṣòfò òkú.

Nígbà tó dákẹ́, ọba ní: "Èmi yóò gbé wọn tẹ̀ lé ọ. Bí o bá dé ààlà ìlú, wọn yóò bi ọ́ bí o ṣe rí wọn gbà. Bí o bá sọ òótọ́, mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bí o bá purọ́, mo gbé wọn kọjá, ojú yín kò sì ní kàn wọ́n mọ́."

Ọjọ́ keje, oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, ni ìlú Ìdí-Àfọ̀n rí i tí ojú ọ̀run ṣú láti ìlà-oòrùn. Òrùlé ni! Wọ́n sáré jáde dé ààlà. Nígbà tí wọ́n rí bàbá mi nísàlẹ̀ tí òrùlé ń fò tẹ̀ lé e bí agbo ẹran, ariwo ta. Wọ́n ń pè é ní Apàṣẹ-fún-ìjì. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀. Ẹ̀fúnyẹmí wà láàárín wọn, ikùn rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín tí bàbá mi kò tíì rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn.

Baálẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Ọdẹ́níran, akọni! Báwo lo ṣe rí wọn gbà?"

Ẹ rò ó wò ná, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdájọ́ dá. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n lè lé e, aboyún náà kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́ kó tó bímọ. Bó bá sì purọ́? Bóyá ẹ̀fúùfù kàn ń dẹ́rù bà á ni. Ẹnu rẹ̀ sì mọ ọ̀nà irọ́ náà dáadáa, ó là fúnra rẹ̀.

"Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo na ìka sí i, mo ní—"

Gbogbo òrùlé ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Koríko ń já bọ́ sí àwọn èèyàn lórí. Obìnrin kan na ọwọ́ sókè ó ń pe òrùlé ilé rẹ̀ lórúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n ń kéré lọ, wọ́n tó igbá, wọ́n tó ìgò.

Bàbá mi figbe ta: "Irọ́ ni! Èmi ni! Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń yí okùn! Ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ilé Baálẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan! Ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ̀ẹ̀kan!"

Bó ti ń dárúkọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé ilé náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, kò dákẹ́. Ó dárúkọ wọn tán, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo lókè, kò gòkè, kò sọ̀. Àdìgún dúró láàárín èrò, apá rẹ̀ wà nínú igi tí wọ́n fi dè é.

Bàbá mi kò lè wojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ti Àdìgún... mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ìbínú ni. Òun ló sì so tèmi tí kò fi lọ. Mi ò ní òògùn kankan."

Òrùlé náà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjì kì í bá èèyàn kọ́lé o. Bí wọ́n ti kanlẹ̀ ni gbogbo wọn tú ká, ó di òkìtì igi, òkìtì okùn, òkìtì koríko. Ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó mú igi kan nílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀fúnyẹmí wá dúró ti ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró tì í.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Àdìgún, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ yìí."

Àdìgún fi ọwọ́ òsì gbá apá rẹ̀ tí wọ́n dè mú. "Ọjọ́ tí mo so ilé rẹ, inú ń bí èmi náà. Mo ti yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ku kí n ta á. Mo wolẹ̀, mo rí ìyàwó rẹ tó ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Bí a bá lé e, ta ni yóò gun òkè? Apá mi nìyí. Ẹ jẹ́ kó so ó. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ àwọn baba wa kù síbì kan. Láti òní lọ, ẹni tó bá so òrùlé, kí òun àti ará ilé rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́, pẹ̀lú onílé."

Gbogbo ìlú ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀!"

Wọ́n kọ́lé. Àwọn kan ń ṣa igi, àwọn kan ń di koríko, àwọn obìnrin ń po amọ̀ láti fi dí ojú ògiri tó sán. Ẹnìkan ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n pòṣé fún un. Bàbá mi ń so láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e, ó ń so. Ẹnikẹ́ni kò yìn ín. Nígbà tó kan ilé Àdìgún, Àdìgún dúró nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì fa gbogbo okùn wò, kò kí i, kò bú u. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń sọ: "Tún un yí." Bàbá mi á sì tún un yí.

Àkọ́rọ̀ òjò dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti ìjì ló jọ wá. Bàbá mi àti ìyá mi sáré wọ ilé Àdìgún gẹ́gẹ́ bí òfin, nítorí nínú gbogbo ilé tí bàbá mi so, òun ni ìlú yàn fún wọn. Bí wọ́n ti wọlé ni ìrọbí mú Ẹ̀fúnyẹmí, ìyàwó Àdìgún àti àwọn obìnrin agbo ilé sì gbé e wọ yàrá. Ìta ṣú. Ẹ̀fúùfù dé orí ilé, ó dì í mú, ó ń mì ín, bàbá mi sì gbọ́ ọ ketekete tó ń béèrè pé ta ló so ọ́, ta ló so ọ́. Igi òrùlé ń ké. Ìyá mi ń ké. Bàbá mi gbé ojú sókè, kò lè gbé e sọ̀, ó ń wá kókó kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn koríko, ó ń rántí rẹ̀: èyí, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí, mo tún un yí. Òógùn bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo òrùlé gbé ara nílẹ̀ díẹ̀, ó sì padà jókòó.

Bàbá mi rò pé Àdìgún náà ń wòkè. Ta ni kò ní wòkè, ẹni tí igi ti já bọ́ lù rí? Ó yíjú sí i kó lè bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀.

Àdìgún ti yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Ó gbé orí lé òkìtì iṣu, apá rẹ̀ tó ṣẹ́ wà láyà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń sùn, ó ń hanrun.

Bàbá mi sọ fún mi pé ìlú mẹ́fà ti kí òun ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò sí ìyìn tó wọ òun lára tó ìhanrun ọkùnrin yẹn. Ó jókòó tì í, ó sunkún títí. Inú ẹkún yẹn ni mo bá a tí mo fi dé, mo sì fi igbe tèmi kún un, nítorí ẹ mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn mi ti ròkè. Òjò ń pa koríko, ìjì ń lọ, àwọn obìnrin ń hó.

Àdìgún kò jí, ó ń hanrun lọ.